Bọ́ọ̀lù Tó Yí Igi Agbálùmọ̀ Po

Bí ẹ bá kọjá ní Okpomẹ̀ta ní ọdún kejì tí Dàhòmè gba òmìnira, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ọkùnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà oko, ọ̀pá irin lọ́wọ́ rẹ̀, orí ọ̀pá náà tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Á to òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, á máa gbá wọn sínú igbó lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa bá wọn wí bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ wí: "Òsì ni mo ní kó o lọ. Ta ló rán ọ sí ọ̀tún?" Àjèjì tó bá rí i á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn ará ilé rẹ̀ pàápàá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn a máa fi ẹ̀rín sí i.

Àmúdà lorúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ pé. Igi kan ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ àáké, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà ṣe é ju kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré tí á fi yí lójú afẹ́fẹ́.

Ọgbà ìjọba kan wà nítòsí Okpomẹ̀ta nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń dán irúgbìn àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ wò. Iṣẹ́ Àmúdà níbẹ̀ ni kó máa gé koríko. Òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Onírùngbọ̀n, fẹ́ràn gọ́ọ̀fù ju oúnjẹ lọ. Ó mú ilẹ̀ tó ń sinmi láàárín oko àgbàdo àti igbó, ó gbẹ́ ihò mẹ́ta sí i, ó ri àsíá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, ó sì da yanrìn yí i ká. Kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ má baà gbé yanrìn lọ, ó ń da epo mọ́tò sí i. Àwọn obìnrin ìlú rò pé epo pupa ló ń fi ṣòfò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bú u títí ó fi padà sí ìlú rẹ̀.

Ní ihò kẹta, igi agbálùmọ̀ ńlá kan dúró sójú ọ̀nà gan-an. Àgbàdo ìjọba wà lápá òsì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Pápá wà lápá ọ̀tún, lẹ́yìn rẹ̀ igbó. Àsíá wà lẹ́yìn igi, ẹni tó bá dúró láti gbá bọ́ọ̀lù kò lè rí i. Onírùngbọ̀n kò gé igi náà. Àmúdà ló ń gbé àpò ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀lé e, ojú rẹ̀ ló sì ṣe: òyìnbó náà á gbá bọ́ọ̀lù sápá ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ nù, bọ́ọ̀lù á lọ, á lọ, á wá yà sí òsì lẹ́yìn igi bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè, á sì balẹ̀ sórí yanrìn. Òyìnbó á fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Ìgbéraga kan kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí òmìnira dé, Onírùngbọ̀n lọ, Gaston gba ipò rẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Gaston, ó kàwé dé ìlú Faransé, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ gọ́ọ̀fù. Ọ̀gá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé rere ló ti wá: nítorí pé Àmúdà jù ú lọ lọ́jọ́ orí, Bàbá Sùlè ló ń pè é, ní orúkọ àkọ́bí rẹ̀, kì í sì í fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ ga, ó dùn ún bá ṣiṣẹ́. Ohun kan péré ló ń bí i nínú, ohun náà sì ni igi agbálùmọ̀.

Kì í ṣe pé kò nídìí. Lọ́jọ́ fẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àjọ̀dún òmìnira, èyí tó kọjá, ó pe àwọn ènìyàn pàtàkì láti Kétu wá wo eré rẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun. Ó dé ihò kẹta, ó fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù lu igi, ó padà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó sì yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga àlejò tó ga jù. Gbogbo ènìyàn fọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ di àwo mú kò rí ọwọ́ tí yóò fi bo ẹnu tirẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ló sì dá gbogbo ẹ̀rín yòókù sílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọdún yípo tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, Gaston pe Àmúdà sí iwájú ọ́fíìsì. "Bàbá Sùlè, wọ́n ní igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Mo ti ń wo èyí lókèèrè láti lésìí. Ẹ bá mi gé e kí fẹ́ẹ̀tì tó dé."

Àmúdà ò lè fi àáké kan igi yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá bímọ, wọn a ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn a sì gbin igi lé e, igi náà á sì di ti ọmọ náà. Kí ìjọba tó gba ilẹ̀ yẹn, oko àwọn ará ilé Àmúdà ni. Láti kékeré ló ti ń rí Jọkẹ́ ìyá rẹ̀ tó ń dá lọ jókòó sídìí agbálùmọ̀ yìí, tí ẹnu rẹ̀ á máa mì wúyẹ́wúyẹ́. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, Àmúdà á lọ mú un wálé. Àmúdà nìkan ni ọmọ tó wà nílé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé igi òun ni, ṣùgbọ́n ta ló ń jókòó ti ọmọ kó máa sọ irú ẹ̀ fún un? Ó mọ̀ ni. Inú rẹ̀ sì máa ń dùn pé ìyá òun fẹ́ràn òun débi pé ó ń lọ bá igi òun sọ̀rọ̀. Ní báyìí, Jọkẹ́ ti darúgbó. Bí wọ́n bá gé igi náà, Àmúdà kò rò pé ìyá òun á lè fara dà á, àáké náà á sì tún wá jẹ́ ti ọwọ́ òun ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "igi yẹn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Ó ṣẹ èmi."

"Bọ́ọ̀lù lè yí i po. Onírùngbọ̀n máa ń ṣe é."

Gaston rẹ́rìn-ín. "Bàbá Sùlè, gbogbo ibi tí mo ti gbá gọ́ọ̀fù, iwájú ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Èyí tó bá yà, àṣìṣe ni."

"Ojú mi ló ṣe. Ènìyàn lè kọ́ ọ."

"Ta ló lè kọ́ ọ?"

"Èmi."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Gaston na ọwọ́ sí i, wọ́n sì jọ gbà á bẹ́ẹ̀: lọ́jọ́ fẹ́ẹ̀tì, níwájú àwọn àlejò, Àmúdà yóò dúró ní ihò kẹta. Bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá yí igi po tó sì dúró lórí yanrìn, igi kúrò lọ́rọ̀ àáké. Bí kò bá yí i po, Àmúdà fúnra rẹ̀ ni yóò gé e lọ́jọ́ kejì. Ó ti ń lọ sílé kó tó rántí pé òun kò gbá bọ́ọ̀lù náà rí láyé òun. Àpò ló máa ń gbé.

Gaston yá a ní ọ̀pá kan, ìyà sì bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù Àmúdà yí o, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀tún ló ń yí sí. Bó bá dojú kọ àgbàdo, bọ́ọ̀lù á yà sí ọ̀tún, á lu igi. Bó bá dojú kọ pápá, bọ́ọ̀lù á yà sí ọ̀tún, á wọ igbó. Ó ń lo agbára, ó ń pààrọ̀ ìdúró, ó ń bú igi náà, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́, Gaston a máa wá dúró wò ó. Ó kọ́kọ́ wá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ wà nínú rẹ̀, kò lè dákẹ́. "Ọwọ́ àdá lẹ fi ń gbá a," ni ó wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Ẹ ń ti òde fà á wọlé bí ẹni ń gé koríko. Ẹ kọ ara yín sí ọ̀tún, kí ojú irin máa wo àsíá, kí ọwọ́ ti inú lọ sóde. Bó bá kan bọ́ọ̀lù, kí ọwọ́ ọ̀tún wá gun òsì lórí." Ó sọ ọ́ kedere. Ó gba ọ̀pá láti fi hàn án, bọ́ọ̀lù tirẹ̀ sì lọ tààrà sára igi. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Gaston fi jókòó sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà yé Àmúdà, ọwọ́ rẹ̀ ni kò yé. Ó di ìgbà tí ó fi igi ìdáná ń dán an wò nínú àgbàlá kí Wùmí, ìyàwó rẹ̀, tó béèrè ohun tó ń wá. Ó ṣàlàyé.

"Kí ọwọ́ ọ̀tún gun òsì?" ni Wùmí wí. "Kí lèmi ń ṣe lórí kànga láràárọ̀?"

Ẹni tó bá mọ òkè Kétu mọ kànga wa. Omi wà, ṣùgbọ́n ó jìnnà sísàlẹ̀. Bí o bá ju ìfami sí i, wàá ti kí ẹni méjì dáadáa, wàá ti béèrè àlàáfíà ọmọ wọn, kó o tó gbọ́ pé ó kan omi. Fífà á sókè wá ni iṣẹ́: ọ̀tún á gun òsì, òsì á gun ọ̀tún, títí okùn á fi di òkìtì lẹ́sẹ̀ ẹni. Iṣẹ́ obìnrin ni. Láti ìgbà tí Àmúdà ti gbéyàwó, kò fọwọ́ kan okùn kànga.

"Wá fà á," ni Wùmí wí. "Ọwọ́ rẹ á mọ̀ ọ́n."

Bóyá ẹ̀kọ́ ni Wùmí ń kọ́ ọ, bóyá ó kàn rí ọ̀nà sinmi ni, èmi ò lè búra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àmúdà ló ń fa omi. Ó fa ti Wùmí. Ìyàwó ará ilé kejì gbé ìkòkò tirẹ̀ dé, ó ní kí ẹ̀kọ́ lè yá. Ìyàwó ẹlòmíràn tẹ̀lé e. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin àdúgbò fi ń tò, tí wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, tí wọ́n ń gbàdúrà kí Ọlọ́run jẹ́ kí gọ́ọ̀fù pẹ́ nílùú. Àwọn ọkùnrin dúró lókèèrè, wọ́n ní, "Àmúdà, ṣé Wùmí ló wá fẹ́ ọ ni?" Ó dá wọn lóhùn pé bọ́ọ̀lù lòun ń kọ́, ìyẹn sì tún bà á jẹ́ sí i.

Jọkẹ́ náà gbọ́ pé ọmọ òun ń fa omi nítorí kí bọ́ọ̀lù lè yí igi po. Ohun tí kò gbọ́ ni ọ̀rọ̀ àáké. Àmúdà ti bẹ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má sọ ọ́ sí i létí, wọ́n sì gbọ́ràn.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Àmúdà gbá bọ́ọ̀lù kan tí kò tilẹ̀ fi gbogbo ọkàn gbá, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀lù lọ sọ́tùn-ún, ó kọjá igi, ó wá yà sí òsì. Àmúdà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹlẹ́rìí kankan. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí òmíràn tó yà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bó bá ti rántí igi báyìí, ara rẹ̀ á le, ọwọ́ àdá á padà dé. Ó kó ìjákulẹ̀ rẹ̀ wá bá Wùmí.

"Ò ń kánjú," ni Wùmí wí. "Ẹni tó bá fi wàdùwàdù fa omi, ìfami á máa lu ògiri kànga, á sì dé òkè láìsí omi nínú. Rọra fà á, kó o fà á dé òpin."

Ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí fẹ́ẹ̀tì fi kù sí dẹ̀dẹ̀, tó bá gbá bọ́ọ̀lù, ìdajì a máa yà bó ṣe yẹ. Ìdajì yòókù ni kò jẹ́ kó sùn dáadáa.

Ọjọ́ fẹ́ẹ̀tì pé. Òjò ti dá, ilẹ̀ mọ́, wọ́n ta àsíá orílẹ̀-èdè sójú ọ́fíìsì, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n to àga sílẹ̀. Àlejò ti Kétu wá, ti Ìdígní wá, gbogbo Okpomẹ̀ta wá. Nígbà tí Gaston mú wọn dé ihò kẹta tó sì sọ pé bọ́ọ̀lù kan fẹ́ yí igi po, wọ́n rí Jọkẹ́ tó ti jókòó sídìí igi, ó na ẹsẹ̀, ó ń jẹ obì.

Àmúdà sáré lọ bá a. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sápá kan. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀."

"Ta ló fẹ́ gbá a?"

"Èmi ni."

"Wọ́n ní o ti fa omi gbogbo àdúgbò kó lè yí igi po. Kó yí i po nígbà náà. Kí ìjọba tó débí ni mo ti ń jókòó síbí."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ohun tó gbà láti ṣe kò ju pé ó sún lọ sẹ́yìn igi, tí a kò fi rí ju ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ. Àmúdà padà sí ibi bọ́ọ̀lù. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó ń ro igi, ó ń ro ìyá, ó sì fi ọwọ́ àdá gbá a. Bọ́ọ̀lù lu igi gbàà, ewé já lulẹ̀.

Ohùn Jọkẹ́ jáde lẹ́yìn igi. "Èyí ò yí o."

Ẹ̀rín ta káàkiri pápá. Àmúdà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Gaston, nítorí ọ̀rọ̀ ti parí bí Gaston bá ní ó parí, kò sì sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi. Gaston wo igi, ó wo àwọn ènìyàn, ó wo àga tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ lésìí.

"Tèmi náà lu igi," ni ó wí, "mo sì gbá òmíràn. Bàbá Sùlè, ẹ gbá òmíràn."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún un. Àmúdà dúró, ó kọ ara rẹ̀ sí ọ̀tún, ojú irin ń wo ibi tí àsíá wà. Ó rọra mí. Kò ro igi mọ́, okùn kànga ló rò. Ó fà á sẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó jẹ́ kó dé òpin, ọ̀tún gun òsì.

Bọ́ọ̀lù lọ sí pápá. Ẹnì kan ti ń pòṣé. Ó ga, ó kọjá ẹ̀ka tó gùn jù, ó wá tẹ̀ sí òsì, ó tẹ̀ sí i, ó sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn igi níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i. Gbogbo pápá ń na ọrùn. Jọkẹ́ nìkan lojú rẹ̀ tó o.

"Ó wà lórí yanrìn," ni ó wí.

Gaston kò gba ẹ̀rí. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn yí igi po, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo bọ́ọ̀lù lórí yanrìn, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín tó gba gbogbo ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ Àmúdà lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ènìyàn, igi yìí kúrò lọ́rọ̀ àáké. Lọ́la, Bàbá Sùlè á kọ́ mi."

"Kànga ò jìnnà, ọ̀gá," ni Wùmí wí láti ẹ̀yìn, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkòkò tí wọn yóò gbé wá.

Nígbà tí wọ́n kọjú sí ìrẹsì, Jọkẹ́ fọwọ́ pe ọmọ rẹ̀. "Àáké wo ni ọ̀gá rẹ ń sọ?"

Kò sí ohun tó kù láti fi pa mọ́. Àmúdà jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀, láti ọ̀rọ̀ iwájú ọ́fíìsì títí dé bọ́ọ̀lù tó dúró lórí yanrìn. "Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gé igi mi, ẹ ò ní lè fara dà á," ni ó fi parí rẹ̀.

"Igi ta ni?"

"Tèmi. Ṣebí ìwọ́ mi ló wà nídìí rẹ̀."

Jọkẹ́ rẹ́rìn-ín débi pé ó fọwọ́ di igi mú. "Ìwọ́ tìẹ wà ní Ìdígní, lẹ́yìn ilé bàbá mi, níbi tí mo ti bí ọ. Ọ̀pẹ la gbìn lé e. Wọ́n ti gé e tipẹ́, wọ́n fi tẹ́ àká àgbàdo. Ìwọ gan-an bá wọn gbé e."

Àmúdà rántí ọ̀pẹ náà. Ó wúwo.

Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ rọlẹ̀. Ó gbọn ewé tó kù lára gèlè rẹ̀ dànù. "Èyí, ti Rẹ̀mí ni."

"Ta ni Rẹ̀mí?"

Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í dárúkọ ọmọ tó lọ sí etí ọmọ tó dúró, kí èyí tó dúró má baà fẹ́ tẹ̀ lé e. Jọkẹ́ ti pa á mọ́ láti ọjọ́ tó ti bí Àmúdà. Àmúdà ti wá ní irun funfun lórí báyìí, Jọkẹ́ sì rò pé kò tún lè lọ ibì kankan. Ó sọ fún un pé obìnrin ni Rẹ̀mí, òun ni àkọ́bí. Ó ti rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀ kí ìgbóná tó mú un lọ. "N kò lè pè é nílé," ni ó wí. "Ibí yìí ni mo ti ń wá pè é."

Àánú ìyá rẹ̀ ṣe Àmúdà, ó dùn ún wọnú egungun. Ìgbà gbogbo tó ti wá mú un wálé, tí inú òun ń dùn, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni obìnrin yìí wà. Síbẹ̀ ayọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò lè ṣàlàyé: òun tó ti ń dá nìkan wà láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun náà lẹ́nì kan.

"Báwo ló ṣe rí?" ni ó béèrè.

"Ó dúdú. Ó lẹ́nu. Bó bá fẹ́ nǹkan, kì í jẹ́ kí n simi." Jọkẹ́ ń sọ, ó ń sọ, ìrẹsì wọn tutù sínú àwo, Wùmí wò wọ́n lókèèrè, kò sì pè wọ́n.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Àmúdà dìde. Ó lọ síwájú igi, níbi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti bó èèpo lójú kan, lójú méjì, lójú tí kò níye. Ó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "ẹ má bínú. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń sọ lókò."